“Go” di “went”: níbo ni “went” ti wá, báwo la sì ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ?

Ìyá Àdùkẹ́

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará wa. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ń ka ọ̀rọ̀ ìṣe Gẹ̀ẹ́sì sí mi létí lálẹ́ àná. “Walk, walked. Jump, jumped. Dance, danced.” Nígbà tó kan “go”, ó ní “go, goed”. Mo ní rárá o, “went” ni. Ó gbójú sókè, ó ní, “Mọ́mì, lẹ́tà wo ló wà nínú ‘go’ tó tún wà nínú ‘went’?” Mo wò ó títí. Ẹyọ kan kò sí.

Mo sọ fún un pé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, kó há a sórí. Ìdáhùn yẹn kò tẹ́ èmi fúnra mi lọ́rùn. Bí wọ́n ṣe dá mi lóhùn náà nìyẹn nígbà tí mo wà ní kékeré, mo sì ń kọ “I did went” títí mo fi wọ ilé ìwé girama. Tíṣà wa á fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ ìdí rẹ̀ fún mi rí. Mi ò fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ mi.

Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni “went” ti wá? Báwo ni ẹ̀yin ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀?

Ọ̀rọ̀Ṣókí

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, mà. Ní tèmi o, ẹ jẹ́ kó há a sórí. Irú rẹ̀ pọ̀ jàra: eat, ate, see, saw, buy, bought. Bí ẹ bá ní kẹ́ ẹ máa wá ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ á ṣú. Orin ni mo fi kọ́ àwọn àbúrò mi. “Go, went, gone”, a ń pàtẹ́wọ́ sí i. Kò gbà wá tó ọ̀sẹ̀ kan.

Bàbá Onítumọ̀

Ọ̀rọ̀Ṣókí, orin yẹn dáa, mi ò bá ọ jà sí i. Ṣùgbọ́n “go” kì í ṣe ẹgbẹ́ “see” àti “buy”. Nínú “see” àti “saw”, “s” ṣì wà níbẹ̀, ìyókù ló yí. Nínú “buy” àti “bought”, “b” kò kúrò. “Go” àti “went” kò ní nǹkan kan pọ̀, ohun tí ọmọ yẹn sì rí nìyẹn. Ojú rẹ̀ mú. Ìyá Àdùkẹ́, ẹ bá mi kí i.

Ìtàn rẹ̀ rèé. Ọ̀rọ̀ ìṣe méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni “go” àti “went”. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, tí wọ́n ń sọ ní England kí ọdún 1100 tó pé, “gān” ni wọ́n ń pe “go”. Tí ọ̀rọ̀ bá ti di ti àná, wọn kì í lo “gān” mọ́, “ēode” ni wọ́n ń sọ. “Ēode” kò sì bá “gān” tan rárá. Ẹ rí i pé láti ayébáyé ni “go” kò ti ní àná tirẹ̀. Ẹlòmíì ló ń bá a jẹ́ ẹ.

Ọ̀rọ̀ kejì ni “wendan”. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí èèyàn yí nǹkan padà, tàbí kó yí ara rẹ̀ kọjú sí ibì kan. Ẹni tó yí ẹ̀yìn padà sílé, tó kọjú sọ́nà oko, tó sì gbẹ́sẹ̀, oko ló ń lọ, àbí? Ibẹ̀ ni “wendan” gbà di “lọ”. Nígbà tó yá, ó di “wend”, àná rẹ̀ sì ni “wente”, tó wá kúrú di “went”. Ẹ fi sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ fetí sí i:

Send, sent.
Bend, bent.
Lend, lent.
Spend, spent.
Wend, went.

Ẹ gbọ́ bó ṣe dọ́gba. Àtìgbà tí wọ́n ti ń sọ fún wa pé “went” wọ́, kò wọ́ níbì kankan. Ọmọ “wend” ni, ilé “go” ló ń gbé.

Báwo ló ṣe wá débẹ̀? “Ēode” ló ń gbó lọ. Ó di “yede”, ó di “yode”, ẹnu ń yí i títí. Geoffrey Chaucer, akéwì tó kú ní ọdún 1400, lo “yede”, ó sì lo “wente” pẹ̀lú. Àwọn méjèèjì jọ wà láàyè nígbà ayé rẹ̀. Kó tó di nǹkan bí ọdún 1500, “went” ti gba ipò yẹn mọ́ “yede” lọ́wọ́ ní gúúsù England. Ní Scotland, wọn ò gba “went” wọlé ní tiwọn. “Gae” ni wọ́n ń pe “go”, wọ́n wá fi “d” sí i nídìí, ó di “gaed”. Ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín pé “goed” tó sọ lálẹ́ àná, odindi orílẹ̀-èdè kan ti rò ó bẹ́ẹ̀ rí.

“Wend” wá kù láìní àná. Wọ́n ṣe tuntun fún un, “wended”. Òun alára kì í sábàá jáde mọ́, àyàfi nínú gbólóhùn bíi “they wended their way home”, tí àwọn òǹkọ̀wé fẹ́ràn.

Máyọ̀wá_kàwé

Bàbá, ẹ kú làálàá o. Mo jókòó tì í ni. Ìbéèrè kan, sà: “wend” yìí àti “wind”, èyí tí a fi ń sọ pé ọ̀nà lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, ṣé wọ́n bá ara wọn tan?

Bàbá Onítumọ̀

Wọ́n tan dáadáa. “Windan” ni kí nǹkan lọ́ fúnra rẹ̀. “Wendan” ni kí èèyàn mú kó lọ́, kó yí i. Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ máa ń ṣe méjìméjì bẹ́ẹ̀. “Fall” ni kí igi ṣubú, “fell” ni kí wọ́n gé e lulẹ̀. “Sit” ni kí nǹkan jókòó, “set” ni kí wọ́n gbé e kalẹ̀. “Lie” ni kó sùn sílẹ̀, “lay” ni kí wọ́n tẹ́ ẹ. Nígbà tí àwa bá ń fi “mú” ṣe é, fáwẹ́lì ni wọ́n ń yí nínú ọ̀rọ̀. “Wander” wà nínú ẹbí yẹn pẹ̀lú, ìyẹn kí èèyàn máa rìn kiri, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa yí síbí yí sọ́hùn-ún.

Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i látẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ́ni, torí “I did went” tí Ìyá Àdùkẹ́ sọ yẹn ni mo ń bá yí lójoojúmọ́.

Kì í ṣe pé orí ọmọ kò pé. Èdè wa ló fà á. “Lọ” kì í yí: mo lọ, mo ń lọ, mo ti lọ, mo máa lọ, mi ò lọ. Ọmọ tó ti ń sọ “lọ” kan ṣoṣo láti kékeré, tí wọ́n wá sọ fún un pé ti àná ní aṣọ tirẹ̀, níbi gbogbo tó bá ti gbóòórùn àná ni yóò ti wọ aṣọ yẹn fún un. Ó gbọ́ “did”, ó mọ̀ pé àná ni, ó bá sọ “did went”. Ó ti ronú níyẹn, ẹ má bú u.

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ nìyí. Àná kan, ẹrù kan. Nínú “I went”, ọ̀rọ̀ ìṣe fúnra rẹ̀ ló ru ẹrù. Tí “did” bá ti wọlé, “did” ti gbé ẹrù yẹn sórí, “go” á máa rìn lọ́wọ́ òfìfo: “I did go”, “Did you go?”, “I did not go”. Mo máa ń gbé ìwé kan lé ọmọ kan lórí, ẹnì kejì á dúró tì í láìgbé nǹkan kan. Mo ní, “Ìwọ ni did, ìwọ ni go.” Wọ́n á rìn yí kíláàsì ká báyìí. Ẹni tó bá ti jẹ́ “go” lọ́jọ́ yẹn kì í kọ “did went” mọ́.

“Have”, “has” àti “had” ńkọ́? “Gone” ni wọ́n ń bá rìn. Ibí yìí la tún ti ń ṣubú, àgbà àti ọmọdé. “She has gone to London” túmọ̀ sí pé ó ti lọ, kò tíì dé. Tó bá lọ tó sì ti padà, “she has been to London” ni. Nínú èdè wa, “ó ti lọ” ni èkíní, “ó ti débẹ̀ rí” ni èkejì. Tí ẹ bá fi “débẹ̀ rí” kọ́ ọmọ ní “been to”, kò ní ṣì í sọ.

Nǹkan kan tún wà tó yẹ kí Ìyá Àdùkẹ́ mọ̀ kọ́kàn yín lè balẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sínú Gẹ̀ẹ́sì náà ń sọ “goed”. Nígbà tí wọ́n kéré gan-an, wọ́n á kọ́kọ́ sọ “went” bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ. Tó bá yá, wọ́n á já òfin “-ed”, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fi sí gbogbo nǹkan, ọmọ tó ti ń sọ “went” tẹ́lẹ̀ á tún padà sọ “goed”. Lẹ́yìn náà ni yóò wá tún bọ́ sójú ọ̀nà. Tí ọmọ bá sọ “goed”, òfin ti wọ̀ ọ́ lórí nìyẹn. Inú mi máa ń dùn tí mo bá gbọ́ ọ.

Arìnrìnàjò

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo rò pé “gait”, ìyẹn ìrìn ẹsẹ̀, inú “go” ló ti wá? Èyí tí mo ń sọ fáwọn èèyàn nìyẹn.

Bàbá Onítumọ̀

Rárá, àbúrò mi, ó jọ bẹ́ẹ̀ ni, kì í ṣe òun. “Gata” ni, ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Scandinavia gbé wá, tó túmọ̀ sí ọ̀nà. Òun ló wà nínú orúkọ òpópónà bíi Kirkgate àti Briggate ní àríwá England, tí èèyàn á máa wá ẹnubodè kiri níbẹ̀ tí kò ní rí i. Èyí tó sún mọ́ “go” ní ìtumọ̀ lóòótọ́ ni “gang”. “Gang” ni ìrìn, ni àlọ. Ó ṣì wà bẹ́ẹ̀ nínú “gangway”, ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọnú ọkọ̀ ojú omi. Láti orí àlọ ló ti di àwọn tó jọ ń lọ, ìyẹn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí àwọn atukọ̀. Ti àwọn jàǹdùkú wá kẹ́yìn.

Ìyá Àdùkẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́. Mo ti da ìwé kọ, ojú ìwé mẹ́ta. Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ mí lọ́kàn. Mo fẹ́ fún un ní àpẹẹrẹ látinú èdè tirẹ̀. Ṣé Yorùbá ní irú èyí, tí ọ̀rọ̀ kan ń lo ara ọ̀rọ̀ mìíràn? Àbí Gẹ̀ẹ́sì nìkan nìṣòro yìí wà?

Máyọ̀wá_kàwé

Ó wà káàkiri ayé, mà. Nínú èdè Faransé, “mo ń lọ” ni “je vais”, “à ń lọ” ni “nous allons”, “màá lọ” ni “j’irai”. Orísun “vais” àti “irai” yàtọ̀ síra pátápátá nínú èdè Látìn, “allons” kò sì jọ ìkankan. Ní ti Spéènì, “fui” ni “mo lọ”, òun náà ni “mo jẹ́”! Àyíká ọ̀rọ̀ ni yóò sọ èyí tí wọ́n ní lọ́kàn.

Ọ̀rọ̀Ṣókí

Mo gbà fún un yín o. Mo rò pé ìdààmú lásán ni tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n Yorùbá kò ní in, àbí?

Bàbá Onítumọ̀

Ó ní in. Mo dúró de ìbéèrè yẹn ni.

Tí ọmọ rẹ bá dé, o ní “ó wá síbí lánàá”. Tó bá ṣì wà lọ́nà ńkọ́? O kì í ní “ó ń wá”. O ní “ó ń bọ̀”. Tó o bá ní “ó ń wá”, ẹni tó gbọ́ ọ á bi ọ́ pé kí ló sọnù tó ń wá. “Bọ̀” jẹ́ ti ẹni tó ń padà, bíi “ó ti oko bọ̀”. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni, ó ń bá “wá” jẹ́ iṣẹ́ tí “wá” kò jẹ́. Ohun tí “went” ń ṣe fún “go” gan-an nìyẹn.

Wo èkejì. “Ó wà nílé.” Bí kò bá sí níbẹ̀ ńkọ́? Ó ti bọ́ lẹ́nu mi ná: “kò sí nílé”. Níbo ni “wà” gbà? “Sí” ti gba ipò rẹ̀ kí a tó mọ̀. Bákan náà ni “èmi ni”, tó di “èmi kọ́”. Kò sí ọmọ Yorùbá tí wọ́n ní kó há a sórí.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ràn jù, torí “lọ” fúnra rẹ̀ ló kàn. A ní “lọ”, a sì ní “rè”. “Ibo lò ń rè?” “Mo ń relé.” “Wọ́n roko.” Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi ọ́ pé àwọn èèyàn yẹn dà, o kò jẹ́ sọ pé “wọ́n ti rè”. “Wọ́n ti lọ” ni. “Rè” kì í fẹ́ dá rìn, àfi kí ibi tó ń lọ so mọ́ ọn. Ó dà bí “wend”, tó kù sínú “wend one’s way” níbi tí ọ̀rọ̀ yòókù ti dì í mú. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń túmọ̀ ìwé, síbẹ̀ tí mo bá gbọ́ “mo ń relé” lẹ́nu àgbà, mo máa ń dá iṣẹ́ dúró gbọ́ ọ.

Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì

Bàbá, mo máa lo “ń bọ̀” yẹn ní kíláàsì lọ́la. Kò wá sí mi lọ́kàn rí.

Arìnrìnàjò

Ó dáa, mo ti fi “gait” sílẹ̀. “Walk” ńkọ́, sà? Ṣé òun kò ní ìtàn ni?

Bàbá Onítumọ̀

Ó ní, ìtàn rẹ̀ sì so mọ́ ti “go”. Nígbà àtijọ́, “go” fúnra rẹ̀ ló ń jẹ́ kí èèyàn fẹsẹ̀ rìn. Wọ́n á ní ẹnì kan kò lè “ride”, kò lè “go”, ìyẹn ni pé kò lè gẹṣin, kò lè fẹsẹ̀ rìn. Nínú “The Pilgrim’s Progress”, ìwé John Bunyan ti ọdún 1678, nígbà tí Kristẹni, ọkùnrin tí ìtàn náà dá lé, ń gun òkè, ó fi eré sísá sílẹ̀ ó bọ́ sí “going”, ó fi “going” sílẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ àti eékún rá. “Going” ibẹ̀ yẹn, ìrìn ẹsẹ̀ lásán ni. Ẹni tó bá kà á bíi “lílọ” ti òde òní kò ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin náà lórí òkè yẹn.

“Walk” kò bá ìrìn dá nǹkan pọ̀ níbẹ̀rẹ̀. “Wealcan” ni kí nǹkan máa yí, kó máa bì síwá bì sẹ́yìn bí omi òkun. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ aṣọ irun àgùntàn náà lò ó. Tí wọ́n bá hun aṣọ tán, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú ọpọ́n omi, òṣìṣẹ́ á bọ́ bàtà, á wọnú ọpọ́n náà, á máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, á máa yí i, títí irun yẹn á fi dì mọ́ra tí aṣọ á nípọn. “Walker” ni wọ́n ń pe oníṣẹ́ yẹn ní àwọn apá kan England, ní ibòmíràn “Fuller” tàbí “Tucker” ni. Orúkọ ìdílé ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lónìí. Àwọn ará Jámánì ṣì ń pe iṣẹ́ yẹn ní “walken”. Nígbà tí “go” wá fẹ̀ títí, tó di àlọ gbogbo, ti ọkọ̀, ti ẹṣin, ti omi, ti aago, “walk” ló dúró gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀Ṣókí

Mo ní ìbéèrè kan, ẹ má bínú sí mi. Kí ló dé tí wọn ò tún “went” ṣe di “goed” láti ìgbà yìí? Wọ́n kúkú ti tún àwọn kan ṣe.

Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì

Wọ́n tún ọ̀pọ̀ ṣe lóòótọ́. “Help” ti ní “holp” àti “holpen” rí. Ẹ ṣí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611, Lúùkù orí 1 ẹsẹ 54, ẹ ó bá “holpen” níbẹ̀. Lónìí “helped” ni. Èyí tí a kì í lò lemọ́lemọ́ ni ọmọ kì í gbọ́ tó, ọmọ náà á wá fi òfin “-ed” tún un ṣe, bí àwọn ọmọ bá sì dàgbà, èyí tí wọ́n tún ṣe ló ń dúró. “Went” kì í sinmi lẹ́nu. Kí ọmọ tó gbàgbé rẹ̀, wọ́n ti tún sọ ọ́ létí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀rọ̀ tí ilé kún fún jù, go, be, have, do, fi jẹ́ àwọn tó ṣòro jù. Torí náà, Ìyá Àdùkẹ́, yàtọ̀ sí ìtàn yìí, ẹ jẹ́ kí ọmọ máa sọ àná rẹ̀ fún un yín lẹ́nu. Ní alaalẹ́, gbólóhùn mẹ́ta péré: ibi tó lọ, ibi tí kò lọ, ibi tó ti dé rí. “I went…”, “I didn’t go…”, “I have been…”.

Bàbá Onítumọ̀

Ẹ fi “ago” kún un fún un. “Agone” ni tẹ́lẹ̀, ọ̀kan nínú ẹbí “gone”, ó sì túmọ̀ sí “tó ti lọ”. Nínú Bíbélì kan náà, 1 Sámúẹ́lì orí 30 ẹsẹ 13, ọmọkùnrin ará Íjíbítì yẹn sọ pé “three days agone” ni àìsàn kọlu òun. “Three days ago”: ọjọ́ mẹ́ta tó lọ. Bí àwa ṣe ń sọ “ọ̀sẹ̀ tó lọ” gẹ́lẹ́.

Ìyá Àdùkẹ́

Ẹ̀yin ará wa, mo padà dé. Mo jókòó tì í lálẹ́ yìí, mo sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, “gān”, “ēode”, “wendan”, gbogbo rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo dé orí “send, sent, bend, bent”, ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó kọ “wend, went” sí i fúnra rẹ̀, ó fa ìlà láti “went” lọ sọ́dọ̀ “go” ní òdìkejì ìwé. Mo ní kó fi “ń bọ̀” ṣe àpẹẹrẹ. Ó dìde, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Mọ́mì, mo ń wá,” ó wá dúró, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Rárá, mo ń bọ̀.” Mo gbá a mọ́ra.

Ó ti wá já òmíràn mú báyìí. Ó ní kí n bi yín: “am”, “be”, “was”, ọmọ ta ni ta ni?

Bàbá Onítumọ̀

Ìdílé mẹ́ta nìyẹn, ilé kan ni wọ́n jọ ń gbé. “Am” àti “is” wá láti ibì kan. “Be” àti “been” wá láti ara “bēon”. “Was” àti “were” jẹ́ ti “wesan”. Ẹ fún un ní ìwé mìíràn, kó fa ìlà mẹ́ta.